Rédíò Tí Ó Wà Lórí Tábìlì Láyíwọlá

Ìlá-Ọ̀ràngún

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

"Ọjọ́ tí rédíò padà sínú ọkọ̀ ni ìdílé padà sínú ara rẹ̀. Láti òní lọ, kò sí ìdí ìyálé, kò sí ìdí ìyàwó. Ẹ̀jẹ̀ kan ni wá, ilé kan ni wá, ohùn kan ni wá!"

Bẹ́ẹ̀ ni Olórí Ẹbí wa wí ní ojúde wa, lọ́jọ́ tí a dúpẹ́ iṣẹ́ tuntun rẹ. O wà níbẹ̀. Ó dìde, ó ṣẹ́ apá agbádá sí èjìká, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì dúró títí tí ẹni tó ń pín mínírà fi wá ibì kan jókòó sí. Mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Kò lè sọ pé òjò ń bọ̀ láìkọ́kọ́ kí àwọn aládé. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ìwọ wà nínú ọkọ̀, o tan rédíò, ó dún, ojúde hó yèè. Kódà, àwọn tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá ló hó jù.

Mo tún ọ̀rọ̀ náà kọ síhìn-ín bó ti sọ ọ́, nítorí pé láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé e yẹ̀ wò bí ẹni tó ra iṣu tó tóbi, tí kò mọ̀ bóyá inú rẹ̀ jẹrà. Mo ti gé e wò báyìí, Àyìnkẹ́. Ó jẹrà.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, o máa sunkún, èmi á máa rẹ̀ ọ́ lẹ́kún, a ó sì parí ọ̀rọ̀ sí àdúrà, ohun tó yẹ kí a ṣe á sì wà nílẹ̀ láìṣe. Nítorí náà ni mo ṣe kọ̀wé. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì kò ní agbára mìíràn. Má kà á nídìí ìwakọ̀. Wá ibì kan jókòó, kí o kà á tán, lẹ́yìn náà kí o ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe lọ́sẹ̀ yìí, kó má di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìdajì ìtàn rédíò yìí ni o mọ̀, ìdajì tó sì wà lọ́wọ́ rẹ, ti ìdí tiwa ni. Jẹ́ kí n fi ìdajì kejì kún un.

Bàbá mi ló ra ọkọ̀ náà ní tuntun, nígbà tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ó ní ìyàwó méjì. Torí èyí, ṣọ́ọ̀ṣì kò fún un ní oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí bíṣọ́ọ̀bù bá ń bọ̀ ní Ìlá, ọkọ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ yìí náà ni wọ́n fi ń lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Rédíò náà bá ọkọ̀ wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ojú rẹ̀ dúdú. Ó ní kókó méjì tí a ń yí: ti òsì fún ohùn, ti ọ̀tún fún wíwá ilé iṣẹ́ rédíò. Àwọn bọ́tìnnì kan tò sí àárín méjèèjì bí eyín. Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó yá, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bàbá ní kí réwáyà tó ń ṣe iná ọkọ̀ yọ ọ́, kí wọ́n gbé e lọ fún ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe ní Òṣogbo. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e sórí àpótí nínú yàrá. Kí ẹnikẹ́ni tó lọ sí Òṣogbo, àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀. Kò dìde mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àgbà ẹbí wá pín ogún. Ìdí méjì ni wá: àwa ọmọ ìyálé, àti Láyíwọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó kejì bí. Àgbà tó ṣe ìpín nígbà náà ni bàbá Olórí Ẹbí wa tòní. Ọ̀rọ̀ ńlá máa ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ó wúkọ́, ó ní, "Ohun tó bá wà lójúde, ti ìdí ìyálé ni. Ohun tó bá wà nínú yàrá, ti ìdí ìyàwó ni." Gbogbo ènìyàn ní ọgbọ́n rèé, nítorí ó yá kíákíá, kò sì mú ìjà wá. Ọkọ̀ wà lójúde. Rédíò ọkọ̀ wà nínú yàrá.

Bí wọ́n ṣe pín orí fún ẹnì kan nìyẹn, tí wọ́n pín ahọ́n fún ẹlòmíràn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ lanu. Olùkọ́ tuntun ni mí nígbà náà, mo ti ka ìwé díẹ̀, mo sì rò pé èmi ni ayé ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ní, "Láyíwọlá, gbé rédíò yẹn wá jàre. Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé wàá gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ni?" Àwọn ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Láyíwọlá wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ṣáà ni ọkọ̀. Ẹ máa fẹnu yín kọrin nínú rẹ̀." Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyá rẹ̀ fi di ẹrù, tí ìyá àtọmọ fi padà sílé àwọn ènìyàn ìyá náà ní Òkè-Ìlá. Ìlá àti Òkè-Ìlá fúnra wọn, ìtàn ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó pínyà ló tẹ̀ wọ́n dó. Ipasẹ̀ àwọn baba ńlá la kàn ń tọ̀, ká má rò pé àwa la dá a sílẹ̀.

Èmi náà kò jẹ́ bẹ̀bẹ̀. Mo ra rédíò mìíràn tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí ojú aṣẹ́wó. Kò bá ihò náà mu. Mo ní kí wọ́n fẹ ihò, kí wọ́n sì gé orí wáyà tó bá ọkọ̀ wá dànù. Rédíò olówó yẹn kò lò ju ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì lọ. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ Bàbá ti dákẹ́.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ rèé, ọmọ mi. Bí ìbínú bá ń gùn ọ́, má gé ohun tí o kò mọ bí a ṣe ń so. Kì í ṣe wáyà nìkan ni mo ń wí. Níbi iṣẹ́ tuntun yìí, ẹnì kan á fi ẹnu gún ọ. Ẹnu rẹ mú ju tirẹ̀ lọ, mo mọ̀, torí ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀. Fi í sí àpò. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ tí mo sọ lọ́jọ́ náà, kò ju ẹ̀rín ìṣẹ́jú kan lọ. Àwọn tó rẹ́rìn-ín sí i ti kú tán. Ẹni tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló ṣẹ́kù tó rántí rẹ̀.

Nígbà tí o gba iṣẹ́ ní Ìbàdàn, tí mo ní kí o máa gbé ọkọ̀ Bàbá lọ, o ní o fẹ́ kó rí bó ti rí nígbà tí Bàbá ń wà á. Mo ní rédíò rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Láyíwọlá. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí n kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kì í jà mọ́. A kàn máa ń ríra níbi ìsìnkú ni. Pé ojú rẹ̀ ti fọ́, gbogbo wa mọ̀. A máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ ní ìlú ibòmíràn.

Ìwọ lọ. Bí o ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi, o bá a nínú pálọ̀ lórí àga onígi. O kúnlẹ̀, o gbé oyin àti obì síwájú rẹ̀. O ní, "Bàbá mi, èmi Àyìnkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ní Ìlá. Mo ríṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín, lórí rédíò ọkọ̀ Bàbá Àgbà."

Ó ní, "Ṣé orí ìkúnlẹ̀ lo wà?"

O ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Orí tábìlì ló wà. Máa gbé e lọ."

O ní ó yà ọ́ lẹ́nu pé kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. O ní rédíò náà kàn jókòó síbẹ̀ ni, wọ́n fi aṣọ tí wọ́n hun bò ó lórí, kò dún, kò tanná. O rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ìwọ kọ́ ni mo ń bá wí. Èmi gan-an ì bá rò bẹ́ẹ̀.

A gbé e dé Ìlá. Sùlé réwáyà ló bá wa so ó. O rántí bó ṣe ń pariwo lábẹ́ ọkọ̀: "Tíṣà, irú ẹ̀dá wo ló gé orí wáyà báyìí?" Mo ní, "Ẹnì kan tó kàwé ni." Ó ní, "Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní ó ti pa wá lẹ́kún." Ó ń tọpa wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń mú iná bọ̀ láti bátìrì, èyí tó lọ sára irin ọkọ̀, àwọn tó lọ sí sípíkà. Ó fi pákó pẹlẹbẹ dí ihò tí mo fẹ̀, ó kùn ún ní dúdú, ó ti rédíò bọ ibẹ̀, ó dè é. Nígbà tó tàn án, ohùn jáde, ó mọ́ kedere bí omi orísun. O bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú títì. Sùlé náà jó. Èmi dúró, mo ń rẹ́rìn-ín, omi wà lójú mi.

Nínú gbogbo wa, Àyìnkẹ́, kò sí ẹni tó ronú. Rédíò tí wọ́n yọ nítorí pé ó bàjẹ́, tí kò dé Òṣogbo, ta ló tún un ṣe? Kí ló dé tó fi ń dún?

Lẹ́yìn ọjọ́ ìdúpẹ́, mo ní ó yẹ kí n lọ kí Láyíwọlá. Ìwọ ti wà ní Ìbàdàn. Mo gun ọ̀kadà. Ọ̀nà Òkè-Ìlá kò jìn, bí ènìyàn bá gbé ẹ̀bà kúrò ní Ìlá, kò ní tutù kó tó débẹ̀. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń wọn ọ̀nà lórí àwòrán ilẹ̀, n kò wọn ìyẹn rí.

Mo bá a lórí àga onígi náà. Bátìrì ọkọ̀ ńlá kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Wáyà méjì jáde láti ara rẹ̀, wọ́n gun ẹsẹ̀ tábìlì, wọ́n dé orí rẹ̀, wọ́n dúró síbẹ̀. Wọn kò lọ síbì kankan. Wáyà mìíràn wà tó wọ inú ìkòkò amọ̀ kan ní igun ilé. Mo bojú wo inú ìkòkò náà, sípíkà ló wà níbẹ̀, ó kọjú sókè. Ìkòkò omi ìyá rẹ̀ ni. Ó gbé sípíkà sínú rẹ̀ kí ohùn lè rinlẹ̀.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo gbọ́ ẹsẹ̀ yín. Ọkọ̀ ńkọ́? Ó ń kọrin?"

Mo bọ́ síta. Ìyá Fọlá, aládùúgbò tó ń gbé oúnjẹ fún un, ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lójúde, pẹ̀lú ìbínú, bó tilẹ̀ ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Láyíwọlá ló tú rédíò náà, tó tún un ṣe fúnra rẹ̀, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran. Láti ìgbà tí ojú ti lọ, òun ló ń gbọ́ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú: ìròyìn, ìwàásù, ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, ẹni tó kú, ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù. Ó mọ gbogbo àwọn atọ́kùn ètò lórúkọ. Ó máa ń bá wọn jiyàn. Bí bátìrì bá kú, wọ́n á gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣájì bátìrì, wọ́n á gbé e padà. Ọjọ́ tí o dé, Àyìnkẹ́, ọjọ́ tí wọ́n gbé bátìrì lọ ni, ó sì ti tú wáyà kúrò lẹ́yìn rédíò. Ìdí tí o fi bá rédíò tó dákẹ́ nìyẹn. Ká ní ọjọ́ kejì lo lọ ni, wàá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú ọ̀nà.

Mo padà wọlé. Mo ní, "Láyíwọlá, kí ló dé tí o kò sọ fún ọmọ náà?"

Ó ní, "Kí n sọ kí ni? Kí n sọ fún ọmọ tó wà lórí ìkúnlẹ̀ pé èmi àgbà fẹ́ máa gbọ́ rédíò? Bọ̀ọ̀dá, láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní Ìlá, ọmọ ilé wa kankan kò kúnlẹ̀ fún mi rí. Òun ni àkọ́kọ́. Ká ní ojú mi ló bèèrè ni, bó bá kù díẹ̀ níbẹ̀, màá yọ ọ́ fún un."

Ìmọ̀ràn kejì nìyí, òun gan-an ni mo sì tìtorí rẹ̀ jókòó kọ̀wé. Èmi àti ìyá rẹ la kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀. A kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n a kò sọ fún ọ pé ìkúnlẹ̀ ní agbára. Ẹni tí wọ́n bá ń kúnlẹ̀ fún lójoojúmọ́ lè sọ pé rárá. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò kúnlẹ̀ fún láti ọjọ́ pípẹ́, bí o bá kúnlẹ̀ fún un, o ti gba gbogbo ohun tó ní kí o tó lanu. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ ní Ìbàdàn nìyẹn. O ní wọ́n á máa rán yín lọ bá àwọn ará oko, kí wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀ kí ọ̀nà lè gba ibẹ̀. O ní ọ̀gá rẹ yìn ọ́ pé o mọ àgbà bọ̀wọ̀ fún, pé ìdí nìyẹn tí òun fi mú ọ. Ọmọ mi, ọ̀gá yẹn mọ ohun tó ń rà. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan lábà, tí ó ní "máa gba ilẹ̀ náà" kí o tó sọ̀rọ̀ tán, má dúpẹ́. Dìde. Jókòó. Bi í ní ìbéèrè míì.

Ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e. Kí o tó gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn, wo ohun tí a so mọ́ ọn. Wáyà wà lára tábìlì yẹn lọ́jọ́ tí o débẹ̀. Ìkòkò wà ní igun ilé. O kò wò wọ́n, torí pé rédíò lo wá wò. Gbogbo wa ń sọ pé à ń dá nǹkan padà sí ipò rẹ̀. Ipò wo? Ohun tí ó bá ti pẹ́ níbì kan ti ta gbòǹgbò níbẹ̀. Nínú ọkọ̀, ọdún díẹ̀ ni rédíò náà lò. Lórí tábìlì Láyíwọlá, ó lo tó ọjọ́ orí rẹ.

Mo ra rédíò kékeré tuntun kan lọ́jà Ìlá, mo gbé e lọ fún un. Mo rò pé mo ti rí ojútùú sí i. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó fi ọwọ́ pa á lójú bí ẹni tó ń wá imú ọmọ. Gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ tẹ́jú, wọ́n sì rí bákan náà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, èyí kò ní ojú." A bá a yàn án sí ilé iṣẹ́ kan. Bó bá ṣèèṣì tẹ ibòmíràn, ó di ìgbà tí Ìyá Fọlá bá wọlé. Ìyá Fọlá sì ní oko, ó ní ọmọ-ọmọ, ó ní ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ó sọ fún mi pé Láyíwọlá kò jẹun tán mọ́. Ó ní bí òun bá béèrè ìdí rẹ̀, á ní òun kò mọ̀ bóyá ọ̀sán ti pọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Wá lọ́sẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé wàá fẹ́ gbé rédíò náà padà nígbà ọdún, nígbà tí àwọn ará Èkó àti ti ìlú òyìnbó bá wálé, kí gbogbo ẹbí lè wà níbẹ̀. Rárá o. Ẹbí ti wà níbẹ̀ rí lọ́jọ́ ìpín ogún, a sì ti rí ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Má sọ fún Olórí Ẹbí. Bó bá gbọ́, á wá, á sì sọ̀rọ̀.

Kí réwáyà tó bá máa yọ ọ́ ní Ìbàdàn kọ́kọ́ tú orí bátìrì ọkọ̀, kó fa kókó méjèèjì kúrò ní ìrọ̀rùn, kó tú nọ́ọ̀tì tó wà lẹ́yìn wọn. Kó má gé nǹkan kan. Sùlé ti ṣe orí wáyà náà kó ṣeé yọ. Fi aṣọ wé e, kí o sì gbé e sórí ìjókòó iwájú, má sọ ọ́ sínú búùtù.

Bí o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mọ ohun tí wàá sọ. Kò ní gbà á bí o bá ní o dá a padà. Ó ti fi fún ọ, àgbà kì í gba ẹ̀bùn rẹ̀ padà lọ́wọ́ ọmọ. Bí o bá sì tọrọ àforíjì, wàá jẹ́ kó mọ̀ pé gbogbo wa ti gbọ́ pé ó ń ṣàìní, ìyẹn á sì dùn ún ju àìní náà lọ. Sọ pé, "Bàbá mi, àwọn olè ń yọ rédíò ọkọ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tọ́jú èyí. Ẹ máa tàn án fún mi kó má bàa kú." Irọ́ ni. Mo kọ́ ọmọ ènìyàn ní òtítọ́ fún gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́, mo sì ń pàṣẹ irọ́ yìí fún ọ pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì. Sọ ọ́ lórí ìjókòó, má kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o bá a jẹun.

Ẹ̀kẹrin, nípa ilé tí o gbà ní Ìbàdàn àti àwọn tí ẹ jọ ń gbé ibẹ̀, 

Àyìnkẹ́, ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyẹn ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí iná lọ. Mo fẹ́ parí rẹ̀ láàárọ̀, kí n fi í rán awakọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ rẹ̀ kò kún, kò lọ. Ọjọ́ Sátidé ni Ìyá Fọlá pè mí. Èmi náà ni mo pè ọ́ lẹ́yìn náà, nítorí náà o ti mọ̀ pé Láyíwọlá ti lọ. Mo fi ohun tí mo ti kọ sílẹ̀ bó ti wà. Má fà á ya. Iṣẹ́ rẹ ṣì nílò rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí n kò lè fi ẹnu sọ lórí fóònù. Ìyá Fọlá ní nígbà tí òun ti oko dé, tí òun ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá, òun gbọ́ ariwo kan tó ń ṣe ṣìì, ṣìì. Òun rò pé ó gbé nǹkan kaná. Nígbà tí òun wọlé, rédíò tuntun tí mo rà ni. Ó ti tẹ ibi tí kì í ṣe ibẹ̀, ó bọ́ sí àárín ilé iṣẹ́ méjì, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Láyíwọlá wà lórí àga rẹ̀, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń gbìyànjú láti gbọ́ nǹkan. Ara rẹ̀ ti tutù. Oúnjẹ ọ̀sán tí òun gbé fún un láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì ṣì wà nílẹ̀, kò ṣí i.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé ìwọ lo pa á. Àwọn kan á sọ pé ìwọ kọ́, pé àkókò rẹ̀ ló tó. Má gba ti àwọn àkọ́kọ́ gbọ́, má sì sáré gba ti àwọn kejì. O mú nǹkan kan kúrò lórí tábìlì ọkùnrin kan, láìmọ̀. Èmi mọ̀, mo sì jókòó sínú ilé mi, mò ń tò ó ní èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta. Ká ní mo wọ ọkọ̀ Ìbàdàn lọ́jọ́ tí mo mọ̀, tí mo tọ̀ ọ́ wá fúnra mi! Ìmọ̀ràn tó kù nìyẹn, ọmọ mi. Ohun tó bá yẹ kí o gbé lọ, má kọ ọ́ ránṣẹ́.

Ẹbí ṣèpàdé lánàá. Gbogbo ènìyàn wá, mo ní gbogbo ènìyàn. Olórí Ẹbí ní Ìlá ni a ó gbé e wá sin, pé ọmọ ilé kì í sùn níta. Wọ́n yan ẹni tí yóò se oúnjẹ, wọ́n yan ẹni tí yóò pe àwọn tó wà lókè òkun. Ẹnì kan ní kí ọkọ̀ Bàbá ṣíwájú òkú, kí rédíò máa kọ orin ìsìn láti ẹnu odi ìlú títí dé ibojì. Wọ́n ní á wuyì. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ kí o gbé e wá, kí o fọ̀ ọ́ dáadáa. Mo ti sọ fún ọ báyìí. N kò ní ran ọ lọ́wọ́ lórí èyí, ìwọ ni kí o mọ ohun tí wàá ṣe.

Kí ìpàdé tó túká, wọ́n bèèrè bóyá mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, nítorí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n. Mo ní mo ní ìbéèrè kan. Mo wò wọ́n yí ká, àgbà, àbúrò, ọmọ àti ìyàwó ilé, mo sì wo ọwọ́ èmi fúnra mi. Ìbéèrè náà kò le. Ọjọ́ Ẹtì, ní ọ̀sán, nígbà tí Láyíwọlá ń wá ohùn ènìyàn nínú rédíò yẹn, ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?